Ìgbòkun lórí skateboard: báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé ọdún 3 tí mo ti ń gun skateboard (pákó onítáyà), ṣùgbọ́n n ò di ìgbòkun, aṣọ tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í lọ, mú rí. Mo rí àlòkù ìgbòkun kan tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 6. Ṣé ó dáa? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń dúró?

Èsì: Ó ti tóbi jù. Orí omi ni wọ́n ti ń lo irú ẹ̀. Ilẹ̀ tó dán kì í dá táyà dúró bí omi ṣe ń dá pákó dúró, torí náà ẹ wá 3 tàbí 4. Kí ẹ tó gun nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ dúró lórí ilẹ̀ lásán, kí ẹ di ọ̀pá ìgbòkun mú. Ẹ fa ọwọ́ tó wà lẹ́yìn mọ́ra, ẹ ó rí i pé agbára wọlé. Ẹ dẹ̀ ẹ́, ìgbòkun á máa gbọ̀n pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀ bí aṣọ tí a sá, agbára á sì lọ. Bíréèkì yín nìyẹn. N ò kọ́ ọ dáadáa kí n tó sáré, ìgbọ̀nwọ́ mi bó.

Èsì: Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ò lè dojú kọ ọ́ gan-an kí ẹ sì máa lọ síwájú. Tí eré bá pọ̀ jù, ẹ yí síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Àṣíborí àti ìbọ̀wọ́ pọn dandan, gbalasa tí ọkọ̀ kì í gbà náà sì ni.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Màá wá 3.