Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn agbowó-gbèsè ń dà mí láàmú nítorí jíìmù tí mo ti fi sílẹ̀

Àdùkẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń wá ẹni tí yóò tọ́ mi sọ́nà. Mo forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan níbí, ìyẹn ibi tí a ti ń ṣe eré ìdárayá, ₦15,000 ni mo sì ń san lóṣù. Nígbà tí ibi iṣẹ́ gbé mi lọ sí Ìlíṣàn, mo kọ ìwé pé n kò ní lè máa wá mọ́, mo fi lé akọ̀wé wọn lọ́wọ́, ó sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ mi. N kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀ títí di ọjọ́ náà. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ kan tó ń báni gba gbèsè ń pè mí láàárọ̀ àti lálẹ́ pé mo jẹ ₦135,000: owó oṣù 7 tó kù nínú àdéhùn ọdún kan, pẹ̀lú owó ìtanràn àti owó agbẹjọ́rò. Wọ́n ní bí n kò bá san án, ọlọ́pàá ni yóò wá mú mi níbi iṣẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣe mí, pé kí ó bá wọn kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ onígbèsè. Ṣé kí n san án kí n sinmi ni, àbí ẹ mọ agbẹjọ́rò tó ṣeé gbára lé ní agbègbè wa?

Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù
Arábìnrin Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san ohunkóhun nítorí ìpè fóònù. Owó kékeré tí ẹ bá fi ránṣẹ́ láti fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni wọn yóò gbé jáde lọ́la pé ẹ ti gbà pé ẹ jẹ gbèsè. Ìtìjú ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń lò. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí a pe òun ní onígbèsè láàárín ẹbí.

Ìwé ni kí ẹ fi dá wọn lóhùn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí jíìmù náà. Báyìí ni èmi yóò ṣe kọ ọ́: “Mo ti fòpin sí àdéhùn mi, ẹ̀dà ìwé tí òṣìṣẹ́ wọn fọwọ́ sí nìyí. N kò gbà pé mo jẹ iye tí ẹ ń béèrè. Ẹ fi àdéhùn tí mo fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí mi, ẹ fi ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ yìí fún yín hàn mí, kí ẹ sì ṣàlàyé bí owó náà ṣe dé iye tó dé. Láti òní lọ, ìwé nìkan ni kí ẹ máa fi bá mi sọ̀rọ̀.” Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ yóò dáhùn. Bí wọn kò bá ní ìwé kankan láti fi hàn, ariwo wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Ìyá Ìperu
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọlọ́pàá kún un, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Bí àgọ́ ọlọ́pàá bá tilẹ̀ ránṣẹ́ pè yín, ẹ má sá. Ẹ mú agbẹjọ́rò dání, kí ẹ sì sọ pé ọ̀rọ̀ àdéhùn owó ni. A kò sí ní ayé àtijọ́ mọ́ tí ológò máa ń wá jókòó ti onígbèsè lẹ́nu ọ̀nà. Agbowó-gbèsè kì í ṣe akódà kọ́ọ̀tù, kò sì láṣẹ láti wọlé yín kó ẹrù.

Ṣùgbọ́n bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá dé láti Kọ́ọ̀tù Májísíréètì, ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí kò bá yọjú, wọ́n lè dá ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Mo fara mọ́ ohun tí àwọn àgbà sọ, àmọ́ n kò fẹ́ kí a fi ìdùnnú tan arábìnrin wa. Ẹ ka àdéhùn náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ jíìmù ló máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó fẹ́ lọ sọ fún wọn ní oṣù kan ṣáájú. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ ni kí ẹ san owó oṣù kan yẹn, ì báà jẹ́ pé ẹ kò tẹ ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ mọ́. Inú àkáǹtì jíìmù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ san án sí, kì í ṣe ti àwọn tó ń pè yín.

Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù
Òótọ́ ni, Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ìwé pé owó oṣù kan náà ló parí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn. Láìsí ìwé yẹn, wọ́n á gba ₦15,000, wọ́n á sì tún padà wá béèrè ₦120,000.

Amòfin Àdúgbò
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, wúlò gan-an níbí. Abala 124 rẹ̀ kò fàyè gba ìfúngunmọ́ni àti ìyọnilẹ́nu níbi tí a bá ti ń gba owó ọjà tàbí owó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Abala 127 sì lòdì sí àdéhùn tó bá ni oníbàárà lára ju bó ṣe yẹ lọ. Kí a gba owó oṣù 7 tí ẹnìkan kò lò, kí a tún fi ìtanràn lé e, yẹ ní ohun tí a lè gbé síwájú àjọ FCCPC, tó ń mójú tó òfin náà. Ẹ lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìdé Àbújá.

Ti ẹ̀gbọ́n yín tún yàtọ̀. Nítorí àìsàn tàbí ìjàǹbá ni ẹ ṣe fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ọdún 2023 sọ pé ohun tí a tìtorí rẹ̀ gba ìsọfúnni ẹni ni kí a lò ó fún. Àjọ NDPC, tó ń mójú tó òfin yìí, ni ẹ ó kọ ìyẹn sí.

Ní ti agbẹjọ́rò, ẹ béèrè ní ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí iye tí yóò gbà fún lẹ́tà kan ṣoṣo, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í kọjá lẹ́tà.

Ìyá Ìperu
Ẹ má gbàgbé báńkì o. Bí ó bá jẹ́ pé káàdì yín ni jíìmù náà fi ń yọ owó lóṣooṣù, ẹ kọ̀wé sí báńkì kí wọ́n dá a dúró.

Àdùkẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa yóò bá mi san án fún yín. Mo ti rí àdéhùn náà: oṣù kan ṣáájú ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ owó agbẹjọ́rò. N óò kọ ìwé náà lálẹ́ òní. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ pa àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i rẹ́ nítorí ìbínú. Ṣé kí ó pa wọ́n rẹ́?

Amòfin Àdúgbò
Rárá o! Kí ó ya àwòrán ojú fóònù náà, kí nọ́ńbà ẹni tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó wọlé hàn kedere, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó kọ ẹ̀sùn.