Báwo ni Arò ṣe di ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, bedlam, tí wọ́n ń lò fún rúdurùdu àti ariwo tí kò lórí tí kò nídìí. Ilé ẹ̀sìn Bethlehem tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1247 ló ti wá. Nígbà tó yá, ó di ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ẹnu aráàlú sì gé orúkọ náà kúrú. Àwọn èèyàn a tún máa lọ wo àwọn aláìsàn náà bí ẹni ń wòran! Ó dùn mí gan-an.

Ṣé ọ̀nà kan náà ni Arò, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ wa ní Abẹ́òkúta, gbà? Lánàá ní Láfẹ́nwá, ìyá àgbà kan ní Arò lòun ń lọ, ni àwọn ọmọkùnrin méjì bá bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni Dókítà Lambo, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn àti mọ̀lẹ́bí wọn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé ní 1954.

Ẹ̀yin àgbà Ẹ̀gbá, ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n fi Arò bú èèyàn? Ẹni tó bá rí i nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọdún rẹ̀ fún mi.