Lórí "ìfamígbàjọba": ojú ni amí, ọwọ́ là ń wá

Ẹ̀yin ará mi,

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka èsì yín sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn Chile: kí là bá máa pe iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ṣe lórí ìjọba Salvador Allende, ààrẹ Chile tí àwọn ológun lé kúrò lórí àga ní 1973? Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn dábàá "ìfamígbàjọba", àwọn mẹ́ta sì ti kan sárá sí i. Ẹ má bínú, èmi ò lè bá yín kan án.

Ẹ jẹ́ ká yẹ amí fúnra rẹ̀ wò ná. Nínú Bíbélì, Jóṣúà rán amí méjì sí Jẹ́ríkò. Wọ́n dé ilé Ráhábù, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n padà wá ròyìn. Iṣẹ́ amí parí síbẹ̀. Nígbà tí odi ìlú náà máa wó, kì í ṣe amí ló tì í. Ti Chile ńkọ́? Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 1970, ọjọ́ 11 péré lẹ́yìn tí Allende gbégbá orókè nínú ìbò, Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà pe Richard Helms, ọ̀gá CIA, sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun tí Helms fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀ níbẹ̀ ṣì wà dòní: mílíọ̀nù 10 dọ́là wà nílẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà ké. Ìwé ìròyìn El Mercurio ti Chile nìkan gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 1.5 dọ́là lọ́wọ́ wọn nígbà tó yá. Ẹni tó ń náwó báyìí ti kúrò ní amí.

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" ń kọ́? Òun ni rédíò ń lò, kó máa jẹ́ orúkọ àjọ náà lọ. Àmọ́ arúfin ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń yọ́ tẹ̀ lé kó lè mú un. Ta ló rúfin níbí?

Èyí tó wù mí jù ni "agbódegbà" tí àbúrò wa tó wà ní Ìbàdàn mú wá, pẹ̀lú òwe pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Mo rò ó títí. Ibi tó ti dí mi lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀gágun René Schneider. Ọ̀gá pátápátá ọmọ ogun ilẹ̀ Chile ni, ó sì ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ológun kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìbò. CIA kó ìbọn fún àwọn ológun kan tó fẹ́ jí i gbé. Ẹgbẹ́ mìíràn, tí CIA náà ti bá sọ̀rọ̀ rí, ló dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró ní Santiago lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹwàá 1970, tí wọ́n yìnbọn lù ú. Ó kú lọ́jọ́ 25 oṣù náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni $35,000 bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó yìnbọn. Agbódegbà dúró síta láti gba ẹrù lọ́wọ́ olè ni. Agbódegbà wo ló ń sanwó fún olè?

Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n náà ń kọ mí lóminú. Bí "ìfipágbàjọba" bá jẹ́ fífi ipá gba ìjọba, "ìfamígbàjọba" á jẹ́ fífi amí gbà á. Ta ló wá gbà á? Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 1973, ọkọ̀ òfuurufú ológun Chile fúnra wọn ló ju bọ́ǹbù sí La Moneda, ààfin ààrẹ, ọ̀gágun Pinochet ọmọ Chile ló sì jókòó sórí àga. Ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 1975 kò rí ẹ̀rí pé Amẹ́ríkà kópa tààrà nínú ti ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n á bá Pinochet gbé ẹrù rẹ̀ sórí ẹlòmíì.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, Nixon àti Kissinger, olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ààbò, ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nixon ní ọwọ́ àwọn kò hàn nínú eléyìí. Kissinger ní àwọn kọ́ ló ṣe é, àwọn kàn ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ẹ gbọ́ o: ọwọ́ ni àwọn tó ṣe é gan-an ń pè é!

Àbá tèmi nìyí: ìtọwọ́bọ̀tẹ̀. Títọ ọwọ́ bọ ọ̀tẹ̀ tí ẹlòmíì ń dì, bí a ṣe ń tọwọ́ bọ̀wé. Ó dùn mọ́ mi pé ẹni tó tọwọ́ bọ̀wé fẹ́ kí àmì òun hàn, ẹni tó tọwọ́ bọ̀tẹ̀ kò fẹ́. Kí ìfipágbàjọba jẹ́ ti Pinochet, kí ìtọwọ́bọ̀tẹ̀ jẹ́ ti CIA.

Ibi tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni ti Bràsíl, 1964. Amẹ́ríkà ti kó ọkọ̀ ojú omi jọ, pẹ̀lú epo àti ohun ìjà, láti gbè sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ lé João Goulart, ààrẹ ibẹ̀. Brother Sam ni wọ́n pe ètò náà. Kí wọ́n tó dé, Goulart ti ṣubú, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ yí padà. Ọwọ́ ti nà, kò sì kan ìkòkò. Ṣé ìtọwọ́bọ̀tẹ̀ náà nìyẹn, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún un?