Ẹ gbà mí o, abọ́ onígi mi ń là, ó sì tún ń lọ́

Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ẹ̀pẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Màmá kan ní kí n bá òun fi ẹ̀rọ yí abọ́ onígi tí òun máa pín níbi ìnáwó ọmọ òun. Mo ra igi máńgòrò lọ́wọ́ onígẹdú, ó gbówó gọbọi lọ́wọ́ mi. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta bẹntiróòlù. Abọ́ jáde, ó dán, ó rí rìbìtì. Ilẹ̀ mọ́, òmíràn ti là láti etí dé ìdí, òmíràn ti lọ́, ó ti gùn bí ẹyin. Màmá wá ń pè mí ní oníjìbìtì! Onígẹdú yẹn ló rẹ́ mi jẹ. Kí ni kí n ṣe?

Káfíńtà Àgbádárìgì: Ṣé igi tútù ni àbí èyí tó ti gbẹ? Báwo ló ṣe nípọn tó? Ẹ ò sọ ìyẹn, onígẹdú lẹ kàn ń bú.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú: Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ilẹ̀kùn tí ẹnì kan ṣe fún mi, nígbà tí ọyẹ́ dé, aláǹgbá ń gba àlàfo rẹ̀ wọlé. Kò gbé fóònù mi mọ́ títí dòní.

Káfíńtà Àgbádárìgì: Màmá, abọ́ là ń sọ.

Bàbá Agbẹ́gi: Ọmọ mi, igi tútù kì í gbẹ dọ́gba. Ẹnu igi, níbi tí ayùn ti gé e, ni omi ti ń yára jáde jù. Ibi tó gbẹ ń sún kì, ibi tó tutù ò tíì ṣe tán, ló bá là. Bó sì ṣe ń sún kì yípo igi tó nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń sún kì láti èèpo wá sí ọkàn, ìyẹn ló ń jẹ́ kó lọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń yí abọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, jẹ́ kó nípọn: tí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ara rẹ̀ tó 3. Fi ìda kun ẹnu igi, fi bébà àpò sìmẹ́ńtì wé e, gbé e síbi tí atẹ́gùn ò ti pọ̀. Máa wọ̀n ọ́n. Ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá dín mọ́, ó ti gbẹ, kí o wá yí i parí. Ó lè gba oṣù mélòó kan.

Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ẹ̀pẹ́: Oṣù kẹ̀, Bàbá! Ìnáwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ Àgbówà: Ọkàn igi ńkọ́, ṣé ẹ yọ ọ́?

Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ẹ̀pẹ́: Àmì rẹ̀ nídìí abọ́ ni Màmá fẹ́ràn jù. Mi ò lè yọ ọ́.

Ọmọ Àgbówà: Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń là. Ẹ la ìtì igi sí méjì, kí ẹ gé ọkàn dànù kí ẹ tó gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú: Ẹ fi àdí pa á.

Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ẹ̀pẹ́: Mo fi àdí pa á dáadáa kí n tó gbé e sórí ààrò.

Káfíńtà Àgbádárìgì: Ààrò wo?

Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ẹ̀pẹ́: Èyí tí ìyàwó mi fi ń yan ẹja. Tó bá kó ẹja kúrò lálẹ́, ẹyin iná ṣì máa ń wà níbẹ̀. Mo kó abọ́ sórí irin kó lè yá gbẹ. Ṣebí àwọn baba wa ń gbé igi sí àjà?

Káfíńtà Àgbádárìgì: Háà! Ẹ wá ń bú onígẹdú!

Bàbá Agbẹ́gi: Àjà ga sókè, èéfín ló ń dé ibẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni igi ń gbẹ. Ẹyin iná kọ́ nìyẹn.

Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ẹ̀pẹ́: Onígẹdú náà ò kúkú sọ fún mi pé igi yẹn tutù.

Ọmọ Àgbówà: Tí ọjọ́ ò bá sí mọ́, ẹ yí i ní tútù, kó fẹ́lẹ́, kó dọ́gba láti etí dé ìdí. Yóò lọ́ díẹ̀, àmọ́ kì í sábà là.

Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ẹ̀pẹ́: Rìbìtì ni Màmá fẹ́.

Káfíńtà Àgbádárìgì: Ẹ lọ ra igi apá tó ti gbẹ nígbà yẹn.

Oníṣẹ́ Ọwọ́ Ẹ̀pẹ́: Owó dà? Díẹ̀ ṣì wà lórí ààrò báyìí, ṣé kí n gbé wọn kúrò?

Bàbá Agbẹ́gi: O ṣì ń bi mí! Gbé wọn kúrò, kó èérún igi tútù bò wọ́n nínú àpò.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú: Ẹja yíyan yẹn, eélòó ni ìyàwó yín ń tà á?