Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ oògùn sínú eegun àbúrò mi

Ìyá Tọ́pẹ́, Kàbbà
Ọ̀kun gbogbo ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣubú lórí ọ̀kadà lóṣù karùn-ún, lójú ọ̀nà Ọbájánà. Eegun ojúgun rẹ̀ já, ó yọ sóde. Ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ fọ̀ ọ́, wọ́n fi irin sí i, wọ́n ní kó máa lọ. Láti ìgbà yẹn ni ọyún ti ń jáde lójú ihò kan tí kò ju orí ìṣáná lọ. Ó á gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó máa dúpẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, sòkòtò á tún lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Oògùn tó ti gbé mì kọjá kíkà.

Dókítà eegun kan ní Ìlọrin ní àwọn máa là á, àwọn á fi ìlẹ̀kẹ̀ oògùn síbẹ̀, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan wá sọ fún bàbá wa pé ike ni. Bàbá ní ike kì í yọ́ nínú èèyàn, ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ike ọ̀hún, níbo ló ń lọ?

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé wọ́n ti fi òwú tí a kì í tú rán yín rí? Irú ike yẹn náà ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. PLGA là ń pè é. Omi ara ló ń já a sí wẹ́wẹ́, tó fi ń di ásíìdì lactic àti glycolic. Lactic yẹn kì í ṣe àjèjì, iṣan yín ń ṣe é bí ẹ bá ru igi gun òkè. Lẹ́yìn náà ó di omi àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta. Ní Yúróòpù, wọ́n ti ń fi ike tó fara jọ ọ́ kun irin ojúgun, gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, wà nínú rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń fi oògùn síbẹ̀ gan-an ni pé ẹ̀jẹ̀ kì í dé inú eegun tó ti kú. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, kóró oògùn kò lè dé ibẹ̀.

Ọmọ Mọ̀pà
Ẹ bi dókítà: ṣé èyí tó ń yọ́ ni, àbí èyí tí wọ́n máa yọ? Àmì ohùn kan péré ló yà wọ́n, àmọ́ owó iṣẹ́ abẹ kejì wà láàrin wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ sìmẹ́ńtì ni tèmi (sìmẹ́ńtì eegun o, kì í ṣe ti Ọbájánà), wọ́n fi wáyà sín in bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Kì í yọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́n tún là mí, wọ́n fà á jáde. Mo tún sanwó.

Bàbá Ìsánlú
Ìyá Tọ́pẹ́, ẹni tó ń to eegun ló to apá mi, ó sì tò. Ṣùgbọ́n tèmi kò yọ sóde, kò sì ṣe ọyún. Ẹ má gbé ọmọ yẹn lọ síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ rí i pé wọ́n gé eegun tó kú kúrò, kí wọ́n sì mú díẹ̀ lọ sí láàbù kí wọ́n lè mọ oògùn tó bá a mu. Bí wọn kò bá gé e, ìlẹ̀kẹ̀ kankan kò lè ràn án lọ́wọ́. Ṣé ó ń mu sìgá? Sìgá kì í jẹ́ kí eegun tètè so.

Ìyá Tọ́pẹ́, Kàbbà
Mo ti pe dókítà. Èyí tó ń yọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ike rárá: irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe POP tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ tó bá dá ni, tí wọ́n pò mọ́ oògùn. Ó ní ojú ọgbẹ́ lè ṣomi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ká má pè é ní ọyún. Bàbá ní, “POP kẹ̀? Èyí tí mo mọ̀ nìyẹn, kí ló dé tí wọn kò ti sọ bẹ́ẹ̀?” Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun la ó gbéra. Páálí sìgá rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi.