SuperTuxKart látinú kóòdù: ó ti yanjú

Ẹ rántí pé mo bèèrè ìdí tí CMake (irinṣẹ́ tó ń ṣètò bí a ó ṣe sọ kóòdù di ètò tó ń ṣiṣẹ́) fi ń dá iṣẹ́ dúró lórí Linux nígbà tí mò ń fi ọwọ́ ara mi sọ kóòdù SuperTuxKart, eré ìdíje ọkọ̀ orí kọ̀ǹpútà, di eré tó ṣeé ta. Ó ti lójútùú. Ohun tó fà á ni pé àwòrán àti ohùn eré náà kò sí nínú Git, ibi tí a ti ń gba kóòdù rẹ̀. Inú SVN, ibi ìpamọ́ mìíràn, ni wọ́n wà, wọ́n sì wúwo, ẹ rí i pé dátà yín tó. Ẹ̀gbẹ́ stk-code (fódà kóòdù) ni kí stk-assets (fódà àwòrán àti ohùn) wà, kì í ṣe inú rẹ̀. Mo pa cmake_build àtijọ́, fódà tí CMake ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí, rẹ́ (CMakeCache.txt, fáìlì ìrántí CMake tó wà nínú rẹ̀, kì í gbàgbé, àfi bí ẹni tá a jẹ lówó), mo tún lo CMake lẹ́ẹ̀kan sí i, àṣẹ make -j4 tó ń kọ́ eré náà gan-an sì parí ìyókù. Ti Windows ò le rárá: ẹ da àpò láíbúrárì (àwọn kóòdù àrànṣe tí eré náà nílò) sínú stk-code, kẹ́ ẹ tó ṣí Visual Studio, ètò tí a fi ń kọ́ ọ lórí Windows. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí i. Mo ti pa ìbéèrè náà dé.