Ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ nísàlẹ̀ ilé tuntun, láàárín Òkè-Fìà àti Ọláìyá: ta ni ká fún?

Onílé Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ilé yíyá. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan la kọ́ sójú títì láàárín Òkè-Fìà àti Ọláìyá, nílùú Òṣogbo. Fúláàtì 24 ló wà lókè, àwọn ayálégbé sì ti ń kó wọlé. Ṣọ́ọ̀bù 8 ló wà nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 3.6, ó sì jìn wọlé ní mítà 6. A fi sẹ̀ǹtímítà 45 gbé ilẹ̀ wọn ga ju etí títì lọ nítorí àgbàrá. Mítà iná kan ni gbogbo wọn ní. Àwọn tó ń wá báyìí ni oní-POS mẹ́ta, olóúnjẹ kan, onígáàsì kan àti onídìrí kan. Ajẹ́ntì ní ká gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, iye kan náà fún gbogbo wọn, kí ṣọ́ọ̀bù má baà ṣófo. Ṣé ká gbà?

Ọmọ Òròkí

Ẹ kú ìdáwọ́lé, sà. Ẹ má tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn mẹ́rin bá ń gbé fúláàtì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn kò pé 100. Wọn kò lè bọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ. Àwọn tó ń kọjá lójú títì ni yóò bọ́ wọn, nítorí náà ẹ fi ẹnì kan síwájú ilé kó ka èèyàn láti aago 7 sí 9 àárọ̀, 12 sí 2 ọ̀sán, àti 4 ìrọ̀lẹ́ sí 8 alẹ́, ní ọjọ́ iṣẹ́ kan àti Sátidé kan. Kó ya àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn sọ́tọ̀. Ẹni tó wà nínú mọ́tò kì í dúró rajà, àfi tó bá ríbi páàkì sí. Kó tún wo ọwọ́ tí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń gbà, torí ìgbà téèyàn bá ń darí sílé ló ń ra búrẹ́dì, oògùn àti ohun tí wọn yóò fi se ọbẹ̀.

Ohun tó ń fa èèyàn wá lójoojúmọ́ lẹ nílò: kẹ́mísì tó ní apòògùn, súpámákẹ́ẹ̀tì kékeré, oníbúrẹ́dì. Ẹ fi kẹ́mísì sí igun kan, súpámákẹ́ẹ̀tì sí igun kejì, kí èèyàn lè máa kọjá níwájú àwọn tó wà láàárín. Oníkẹ́mísì gbọ́dọ̀ forúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ PCN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ apòògùn. Ẹ kọ ọ́ sínú àgíréèmẹ́ǹtì pé òun ló ni wàhálà ìwé àṣẹ náà. Ẹ má fi aṣọ tàbí ìkòkò kún un. Iye tí wọ́n ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Ọjà Ọba àti Orísunbáre, ẹni tó ń san owó ṣọ́ọ̀bù ojú títì kò lè tà á bẹ́ẹ̀ kó jèrè. POS kan ti tó.

Ẹnjiníà

Ìdáhùn òkè yìí dáa, ṣùgbọ́n ilé yẹn fúnra rẹ̀ lè lé oníbàárà. Sẹ̀ǹtímítà 45, àtẹ̀gùn mẹ́ta nìyẹn. Ìyá tó pọn ọmọ, tó tún gbé ẹrù lọ́wọ́, yóò kọjá lọ ni. Ẹ ṣe pèpéle kan tó fẹ̀ tó mítà 1.5 síwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo gòkè rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Bó bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 1, kó gùn ní 12. Ìyẹn mítà 5.4 fún ilé yín. Bó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ arọ kò ní lè gùn ún, ẹni tó ń ti ọjà sókè yóò sì máa yọ̀ bójò bá rọ̀. Síláàbù tẹ́ ẹ máa fi bo gọ́tà gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí. Gọ́tà tí wọn kò lè kó ni àgbàrá ń gbà wọ ṣọ́ọ̀bù.

Mítà kan fún èèyàn mẹ́jọ, ìjà ojoojúmọ́ ni. Ẹ lọ bá IBEDC, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, fún mítà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì pín ṣọ́ọ̀bù sórí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ọ̀nà mẹ́ta tí iná ń gbà wọlé. Onídìrí tó ní díráyà mẹ́ta, wáàtì 1,200 lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun ìgbómi wáàtì 1,500, ti ń fa wáàtì 5,100. Ìyẹn lé ní ámíà 22. Wáyà 2.5 mm² yóò máa gbóná nínú ògiri. Wáyà 6 mm², tó nípọn jù ú lọ, ni kẹ́ ẹ fà láti mítà dé bọ́ọ̀dù.

Olóúnjẹ lè wọlé, bí páìpù èéfín rẹ̀ bá gùn kọjá òrùlé. Bó bá jáde lábẹ́ fèrèsé àwọn ará òkè, àwọn fúláàtì yẹn ni yóò kọ́kọ́ ṣófo. Omi ìfọbọ́ gbọ́dọ̀ gba inú àpótí kan tí ọ̀rá yóò ti léfòó kó tó wọ sọ́kàwéè, kí wọ́n máa gbọ́n ọ̀rá náà kúrò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Láìsí i, ọ̀rá á dì nínú páìpù, omi ìdọ̀tí á máa rú padà sínú ilé. Onígáàsì ńkọ́? Rárá o. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń gbà, ó ń kóra jọ síbi tó bá rẹlẹ̀, títí iná kan á fi ràn án. Èèyàn ń sùn lókè.

Àǹtí Àgíréèmẹ́ǹtì

Ní ti owó: ẹ má gba ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Owó ọjà lẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò yẹn. Yóò sanwó tán, yóò fi pákó òfìfo ṣí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á wá lẹ́ẹ̀kan, kò ní padà. Ọdún kan ni kẹ́ ẹ gbà, ní ìdajì-ìdajì, kí ọjọ́ sísan bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni Òṣogbo, ọjà ń gbóná lẹ́yìn owó oṣù, ó ń tutù láàárín oṣù. Ẹni tó ń sáré gbà á torí ọdún Ọ̀ṣun nìkan, ẹ fẹ̀sọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Oṣù Kẹjọ kì í pẹ́ tán.

Igun gbọ́dọ̀ wọ́n ju àárín lọ. Ẹ fún àwọn méjì tó ń fa èrò, kẹ́mísì àti súpámákẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ 60 láìgbowó kí wọ́n fi tún inú rẹ̀ ṣe, kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé owó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 61, yálà wọ́n ṣí tàbí wọn ò ṣí. Kẹ́ ẹ kọ iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wà fún, pé kò sẹ́ni tó lè yí i padà tàbí fi yá ẹlòmíì láìgbàṣẹ.

Onílé Tuntun

Ẹ ṣé gan-an ni, mo dúpẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn oní-POS ti sanwó fún ajẹ́ntì. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?

Àǹtí Àgíréèmẹ́ǹtì

Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ oní-POS náà kẹ́ ẹ mọ iye tó san gan-an. Ẹ fún un ní àyè mítà 1.5 lórí pèpéle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì, ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Kí ajẹ́ntì dá ìyókù owó padà fún un lójú yín.